Ìkìlọ̀: Ẹni kan ń ta Big Muff ayédèrú fún àwa onígìtá, ẹ ṣọ́ra!

Ẹ̀yin onígìtá ẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó fowó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Èmi ń sọ ọ́ fún yín: òkò ń bọ̀, ó sì ti ba àwọn kan lára wa.

Ọkùnrin kan wà tó ń ta pẹ́dà gìtá tòkunbọ̀, ìyẹn àpótí kékeré tí onígìtá ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn gìtá padà, lórí Instagram àti WhatsApp. Ó ní ilé àwọn àgbà olórin ní Amẹ́ríkà lòun ti ń kó wọn. Èyí tó ń polówó jù ni Big Muff Pi ti Electro-Harmonix, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Ram's Head (orí àgbò), ó sì máa ń búra pé ọdún 1973 ni wọ́n ṣe é. Mi ò kọ orúkọ tó ń lò síbí, torí bí ariwo bá ti pọ̀ lórí orúkọ kan, á pa á tì, á ṣí òmíràn. Ìṣe rẹ̀ ni kí ẹ fi dá a mọ̀.

Àwòrán mẹ́ta péré ló máa ń gbé síta: ojú pẹ́dà, ẹ̀yìn rẹ̀, àti ibi tó gbé e lé orí ampù. Kò sí àwòrán inú. Iye tó ń pè náà ń tan èèyàn jẹ. Ojúlówó Ram's Head ń lọ sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là, òmíràn ju $1,000 lọ. Òun á ní kí ẹ mú $450 wá, torí owó iléèwé ọmọ ń lé òun. Kò wọ́n, kò sì kéré jù débi tí ara á fi fu yín. Bí ẹ bá ní kó ṣí ìdí rẹ̀ kẹ́ ẹ rí inú, á ní, "Ọ̀gá mi, tí wọ́n bá ti ṣí i, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, iye rẹ̀ á já." Irọ́ gbuu ni. Sukúrúù ni wọ́n fi de ìdí pẹ́dà yìí, wọ́n sì ṣe é kó ṣeé ṣí ni. Kò sí ẹni tó mọyì pẹ́dà àtijọ́ tó máa rà á láìwo inú rẹ̀. Bí ẹ bá tẹnu mọ́ ọn, ni á bá sọ pé ẹlòmíràn ti ń bọ̀ pẹ̀lú owó lọ́wọ́.

Àbúrò wa kan tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìbàdàn rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé ara fu ú ló ṣe gbé e wá sọ́dọ̀ mi. Jáàkì rẹ̀, ihò tí wáyà gìtá ń wọ̀, ló ń mì. Bí mo ṣe ṣí i, bọ́ọ̀dù pélébé kan ni mo bá nínú páànù ńlá yẹn, ó kéré ju àyè tó wà fún un lọ, ohun tó sì wà lórí rẹ̀ kò lẹ́sẹ̀, wọ́n kàn lẹ̀ mọ́ ojú bọ́ọ̀dù ni, wínníwínní. Kò sí irú bẹ́ẹ̀ nínú Big Muff ọdún 1973. Nígbà yẹn, gbogbo resistor àti capacitor, ìyẹn àwọn ẹ̀yà kéékèèké inú rẹ̀, ló lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn ń wọnú ihò, wọ́n sì ń fi lẹ́ẹ̀dì yíyọ́ (solder) dè é lẹ́yìn. Mo tún rí ibi tí wọ́n ti gé iná kékeré kúrò lórí bọ́ọ̀dù náà. Wọ́n gé e torí pé Big Muff àtijọ́ ti Amẹ́ríkà kò ní iná tó ń tàn lójú rẹ̀, wọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè.

Lẹ́yìn náà ni mo wo igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, níbi tí orí kékeré tí wọ́n fi sọ pẹ́dà yìí ní Ram's Head máa ń wà. Mo fi èékánná kàn án díẹ̀, ó ṣí. Ike ìlẹ̀mọ́ ni. Ti ojúlówó, ọ̀dà ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ sójú páànù; ó lè ṣá, ó lè ha, ṣùgbọ́n kì í ṣí. Ojú ọmọ náà pọ́n. Owó tó ń rí gbà bó bá lọ ta gìtá níbi ìnáwó lóríṣiríṣi ló kó jọ fi rà á.

Ohun tó jẹ́ kí oníjìbìtì náà rí àwọn èèyàn gbá mú ni pé ohùn pẹ́dà náà dára, kí n má parọ́. Láìsí pẹ́dà, bí ẹ bá ta okùn gìtá kan, á dún sókè lójú ẹsẹ̀, á wá máa relẹ̀ títí á fi dákẹ́. Transistor mẹ́rin, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó ń fi agbára kún ohùn, ni wọ́n fi ṣe Big Muff: àkọ́kọ́ ń gbé ohùn sókè, méjì tó tẹ̀ lé e ń fi dáyóòdù (ẹ̀yà kékeré tí kì í jẹ́ kí ohùn ga kọjá ààlà kan) gé orí rẹ̀, ìkẹrin ń dá agbára tó dínkù níbi nọ́bù tone padà. Torí pé wọ́n ti gé orí ohùn náà, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tó le àti ìparí rẹ̀ tó rọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba nígbà tí wọ́n bá jáde, ohùn á wá dúró pẹ́ lórí okùn. Nọ́bù sustain ló ń pinnu bí ohùn tó wọnú àárín yẹn ṣe máa pọ̀ tó. Ohùn gígùn yìí ni David Gilmour ti Pink Floyd fi ń kọ orin ní ìparí àwọn ọdún 1970, òun náà sì ni J Mascis ti ẹgbẹ́ Dinosaur Jr. fi gbórúkọ. Ìyẹn ló gbówó lé e.

Ṣùgbọ́n Electro-Harmonix fúnra wọn ti ṣe Ram's Head tuntun jáde ní 2019, nínú páànù kékeré tí wọ́n ń pè ní nano. Tuntun ni, ọjà gidi ni, ohùn rẹ̀ sún mọ́ ti àtijọ́ gan-an, nǹkan bí $100 sì ni iye rẹ̀. Èmi gan-an máa ń gba àwọn ọmọ tó ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n rà á. Ìwà ọ̀daràn tó wà níbẹ̀ ni kí èèyàn yọ inú rẹ̀, kó kó o sínú páànù ńlá, kó sì gba owó àtijọ́ lé e. Nítorí náà, fídíò tó bá fi ránṣẹ́ sí yín, tí gìtá ń dún dáadáa nínú rẹ̀, kò fìdí ohunkóhun múlẹ̀.

Ibi tí ẹ ti máa mú un ni ẹ̀yìn fọ́lúùmù, ìyẹn ohun tí nọ́bù ń yí nínú. Ẹ ní kó ya ẹ̀yìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó sún mọ́ ọn dáadáa. Nọ́ńbà méje máa ń wà lára irin rẹ̀. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é: 137 ni CTS, 304 ni Stackpole. Méjì tó tẹ̀ lé e ni ọdún, méjì tó kẹ́yìn sì ni ọ̀sẹ̀ nínú ọdún náà. Bí ẹ bá rí 1377341, CTS ló ṣe é ní ọ̀sẹ̀ kọkànlélógójì ọdún 1973. Èyí tó wà nínú ti àbúrò wa ni 1377811. Fọ́lúùmù tí wọ́n ṣe ní 1978 kò lè wà nínú pẹ́dà tó jáde ní 1973! Bí méjì ìkẹyìn bá sì ju 52 tàbí 53 lọ, ẹnì kan ló jókòó hùmọ̀ rẹ̀.

Ẹ má tún jẹ́ kí nọ́ńbà yẹn nìkan tẹ́ yín lọ́rùn o. Ohun tó ń sọ ni pé pẹ́dà náà kò lè dàgbà ju fọ́lúùmù rẹ̀ lọ. Fọ́lúùmù lè wà nílẹ̀ nílé iṣẹ́ fún oṣù mélòó kan kí wọ́n tó lò ó, ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n oníjìbìtì náà lè yọ fọ́lúùmù àtijọ́ láti ibòmíràn, kó kì í bọ inú èyí tuntun. Ẹ wo lẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ti àádọ́ta ọdún ti ṣú. Bó bá ń dán gbinrin, tí wáyà tó wọlé sí i sì mọ́ tónítóní, ọwọ́ ti kàn án láìpẹ́, ẹ béèrè ìdí. Ẹ wo ihò tí iná mànàmáná ń gbà wọ inú pẹ́dà náà: bí ẹ bá rí ihò róbótó tí adápútọ̀ 9V òde òní ń wọ̀, kò bá wọn wá láti ilé iṣẹ́ ní 1973.

Ó tún ní òmíràn tó ń pè ní "Civil War 1975 láti New York". Ẹ sá fún un. Àwọn ará Rọ́ṣíà ló ṣe Civil War, lábẹ́ orúkọ Sovtek, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ Electro-Harmonix ní New York ti ti ilẹ̀kùn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Kò sí Civil War kankan ní 1975. Bó bá sì jẹ́ Triangle ló ń tà, èyí tó ṣáájú Ram's Head, nọ́bù rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í tò sórí ìlà kan. Igun mẹ́ta ni wọ́n dúró sí.

Ní ti owó, àpò báńkì tó ń fún èèyàn kì í jọ orúkọ tó ń jẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fún àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, PayPal ló ń ní kẹ́ ẹ fi sanwó, ó sì ń tẹnu mọ́ Friends and Family, ọ̀nà tí wọ́n fi ń fowó ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ àti ẹbí. Ẹ má ṣe é. Ẹni tó bá sanwó bẹ́ẹ̀ kò ní ààbò kankan. Goods and Services, ọ̀nà tí wọ́n fi ń san owó ọjà, ni PayPal ti lè bá yín gba owó padà.

Ẹni tó bá ti sanwó fún un, kó má pa WhatsApp rẹ̀ rẹ́ torí ìbínú. Ẹ ya àwòrán gbogbo ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bára yín sọ, pẹ̀lú rìsíìtì báńkì, ẹ lọ sí báńkì yín lónìí, kí ẹ sì kọ̀wé sí EFCC bó bá jẹ́ Nàìjíríà lẹ wà. Ẹ má fi pẹ́dà náà ta fún ẹlòmíràn láti fi gba owó yín padà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tó bá sì ń bá a nájà lọ́wọ́ báyìí, ẹ gba àwòrán ẹ̀yìn fọ́lúùmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti ti bọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀. Mi ò gba nǹkan kan lórí rẹ̀. Màá bá yín wò ó.