Ọjọ́ kẹtàlélógún mi láìmu ọtí, àti Bàbá tó gbé fóònù

Ìgbà mẹ́fà ni mo pe nọ́ńbà tí wọ́n kọ sẹ́yìn káàdì mi nílé ìtọ́jú tí mo ti ń gba ìwòsàn nítorí ọtí. Ọjọ́ Ẹtì ni, aago méje alẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Mo dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní ọjà Gbági, n'Ìbàdàn, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, owó ọtí wà lọ́wọ́ òsì. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ nọ́ńbà náà ni pé, "Ẹ pè wá nígbàkigbà, tọ̀sán-tòru." Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi jókòó láti kọ àgbéyẹ̀wò yìí. Mi ò ní dárúkọ ilé ìtọ́jú náà, torí wọ́n ṣì ń tọ́jú mi. Ẹni tó bá ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì aláwọ̀ búlúù wọn rí á mọ ibi tí mò ń wí.

Léèsì ni mò ń tà. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Ẹ̀yìn tó ń dùn mí nítorí gbígbé ẹrù léèsì ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Alágbo kan ní kí n máa mu jẹ̀díjẹ̀dí, ó sì ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, títí mo fi rí i pé kì í ṣe ẹ̀yìn mi ló ń pè é mọ́. Láti ibẹ̀ ni mo ti bọ́ sórí ọtí inú ọ̀rá. Ọ̀kan láàárọ̀ kí ọwọ́ mi má bàa máa gbọ̀n tí mo bá ń wọn aṣọ, méjì tàbí mẹ́ta lọ́sàn-án, ti alẹ́ kò ní òǹkà. Nígbà tí NAFDAC fòfin dè é pẹ̀lú ti inú ìgò kékeré tí kò tó 200ml, ní oṣù kejì ọdún 2024, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo ní wọ́n ti bá mi gba ara mi sílẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n sún òfin náà síwájú. Ọ̀rá náà kò tilẹ̀ kúrò lára okùn tí wọ́n fi kọ́ ọ níwájú kíóósì tó kọjú sí mi. Ibẹ̀ ló so rọ̀dẹ̀dẹ̀ sí lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó dára. Dókítà tó kọ́kọ́ rí mi kò wàásù fún mi. Ó bi mí ní iye tí mò ń mu, mo parọ́. Ó tún un bi, mo sọ òótọ́. Ó ní n kò gbọ́dọ̀ dá ọtí dúró lójijì nílé, pé ẹni tó ti ń mu ún lójoojúmọ́ fún ọdún púpọ̀, gìrì lè gbé e láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ọkàn rẹ̀ sì lè dàrú débi tí á fi máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Ohun tí mo ti dán wò lẹ́ẹ̀mejì nínú yàrá mi nìyẹn, èmi nìkan, ìlẹ̀kùn títì. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi dá mi dúró: diazepam, oògùn tó ń mú ara balẹ̀, tí wọ́n ń dín kù lójoojúmọ́, abẹ́rẹ́ fítámì B1, omi, oúnjẹ gidi. Lẹ́yìn tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò nítorí ẹ̀dọ̀, wọ́n fún mi ní naltrexone, oògùn tó ń dín òǹgbẹ ọtí kù, 50mg láràárọ̀, wọ́n sì kìlọ̀ pé n kò gbọ́dọ̀ lo tramadol tàbí oògùn ikọ́ tó ní codeine pẹ̀lú rẹ̀. Kì í ṣe oògùn tó ń lé òǹgbẹ ọtí lọ pátápátá. Lára tèmi, ńṣe ni ọtí dà bí ọbẹ̀ tí wọn ò fi iyọ̀ sí: ó ṣì ń ta sánsán, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò sáré bí í ti tẹ́lẹ̀. Oògùn náà tán lọ́wọ́ wọn lọ́sẹ̀ kẹta, kẹ́mísì mẹ́rin ni mo dé kí n tó rí i.

Yàrá káàdì ni wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi lọ. Ìgbà kejì tí mo débẹ̀, ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọgun pé, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá torí ọtí, ẹ bọ́ sápá ibí!" Èmi nìkan lobìnrin tó dìde. Oníbàárà mi kan tó gbé ọmọ rẹ̀ wá gba abẹ́rẹ́ wà ní ìlà kejì. Ó wò mí, ó sì yára wolẹ̀. Ọkùnrin tó bá ń mutí, wọ́n á ní ó ń jayé orí ẹ̀. Obìnrin tó bá ń mu ún, irú ilé tó ti jáde wá ni wọ́n máa ń bèèrè. Mo lọ bá ọmọ náà, mo ní, "Ọmọ mi, nọ́ńbà wà lára káàdì wa. Nọ́ńbà ni kó o máa pè." Ó ní bí àwọn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Títí di òní, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń ṣe é.

Nọ́ọ̀sì tó ń darí ìpàdé Ọjọ́bọ̀ ló jẹ́ kí n padà wá. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, mo fọ́nnu pé mi ò fẹnu kan ọtí láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, pé àgbo jẹ̀díjẹ̀dí nìkan ni mò ń mu. Ó rọra bi mí pé, "Ìyá Tóbi, kí ni wọ́n fi rẹ ẹ́? Ṣé omi ni, àbí omidùn, àbí ògógóró?" Omijé bọ́ lójú mi kí n tó lè dáhùn. Kò bú mi. Ó ní kí n fi àgbo náà sílẹ̀ ná nítorí ẹ̀dọ̀ mi, kí n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ mi láti ọ̀la. Òun náà ló kọ́ mi pé òǹgbẹ ọtí dà bí ìrọbí. "Ọlọ́mọ mẹ́ta ni yín, ẹ mọ bó ṣe ń mú, tó sì ń tú. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ má bá a jìjàkadì, ẹ ṣáà dúró tì í títí á fi tú." Ó ní tó bá ti dé, kí n bi ara mi: ṣé ebi ń pa mí, ṣé inú ń bí mi, ṣé mo dá wà, ṣé ó rẹ̀ mí? Tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pé, kí n má rò ó lẹ́ẹ̀mejì, kí n pe nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì.

Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé. Oníbàárà kan tó kó léèsì aṣọ ẹbí lọ́wọ́ mi láwìn dá mẹ́rìnlá padà, ó ní àwọn ará ilé ìyàwó ti yan àwọ̀ mìíràn. Wọ́n ti gé méjì nínú ẹ̀. Ẹ̀kọ àti àkàrà aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo jẹ kẹ́yìn. Ọmọ iṣẹ́ mi ti lọ. Mo ti sọ lọ́kàn mi pé ọ̀rá méjì péré ni, itọ́ sì ti ń kún mi lẹ́nu. Ìgbà mẹ́rin àkọ́kọ́ tí mo pè, ó dún títí ó fi dákẹ́. Ìgbà karùn-ún, ẹnì kan gé e. Mo ti ń rìn lọ síbi kíóósì nígbà tí wọ́n gbé ìkẹfà.

"Haló. Ta lẹ fẹ́ o?" Ohùn àgbàlagbà ni.

Mo ní nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

"Wọ́n ti lọ sílé, màdáámù. Èmi tí mò ń ṣọ́ géètì ni. Ọwọ́ mi ni wọ́n máa ń fi fóònù yìí sí tí wọ́n bá ti ń lọ. Mo ṣèèṣì gé e lẹ́ẹ̀kan, ẹ má bínú."

Mo pariwo mọ́ ọn. Mo bá a wí bí ẹni pé òun ló kọ "tọ̀sán-tòru" sẹ́yìn káàdì. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ló ní, "Kí lẹ kọjú sí báyìí?"

"Kíóósì ọlọ́tí ni, Bàbá."

"Ẹ kẹ̀yìn sí i."

Mo kẹ̀yìn sí i. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun, mo ní rárá. Ó ní kí n lọ síbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ, kí n má gé fóònù. Mo ra bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà lọ́wọ́ obìnrin kan lẹ́bàá títì, mo jókòó sórí àpótí rẹ̀. Bàbá ò gbà mí nímọ̀ràn kankan. Ìtàn oko rẹ̀ ní Ìgbòho ló ń sọ: iye ebè tó kọ lọ́dún tó kọjá, bí òjò ṣe pẹ́, bí ọ̀yà ṣe wọnú iṣu. Láàárín ọ̀rọ̀ ni owó orí fóònù mi tán. Mo wo kíóósì. Kò tó ìṣẹ́jú kan, nọ́ńbà kan tí mi ò mọ̀ wọlé. Òun ni; ó ti fi fóònù ara rẹ̀ àti owó ara rẹ̀ pè mí. Ó ń bá ọ̀rọ̀ ọ̀yà lọ láti ibi tó ti dúró. Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lápapọ̀ ni mo kà lórí fóònù mi lẹ́yìn náà. Mi ò mọ ìgbà tí òǹgbẹ náà tú. Mo kàn rí i pé èjìká mi ti sọ̀ kalẹ̀, bọ̀ọ̀lì sì ti tán.

Lọ́jọ́bọ̀, mo lọ bá ọ̀gá tó ń bójú tó ibẹ̀. Mo ti rò pé ó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá. Ohun tó sọ ni pé ẹ̀ṣọ́ kò láṣẹ láti bá aláìsàn sọ̀rọ̀, pé òun máa fún un níwèé kó wá sọ tẹnu rẹ̀. Inú mi ru. Mo ní, "Sà, ta ló yẹ kó gbé fóònù náà?" Ó ní nẹ́tíwọọ̀kì ni. Mo bèèrè lẹ́ẹ̀mẹta, nẹ́tíwọọ̀kì náà ló ń tún sọ. Mo kọ lẹ́tà, nọ́ọ̀sì bá mi fọwọ́ sí i, àwa méje nínú ìpàdé la fọwọ́ sí i. Wọn ò fún Bàbá níwèé mọ́. Ní báyìí, àwọn nọ́ọ̀sì ń gba fóònù náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí di aago mẹ́wàá alẹ́, mo sì ti dán an wò lẹ́ẹ̀mejì: wọ́n gbé e kó tó dún lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn aago mẹ́wàá, ó tún padà sí géètì. Wọn ò tíì kọ́ Bàbá ní ohunkóhun, wọn ò sì fi kọ́bọ̀ kan kún owó rẹ̀.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Mo mọ̀ pé ohun tí mo kọ sókè yìí ò jọ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n obìnrin kan ni mò ń rò, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tó ń ka èyí nínú ṣọ́ọ̀bù tó ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ra. Tí mo bá fún wọn ní méjì, kò ní lọ, á lọ dá ọtí dúró lójijì nínú yàrá bí èmi náà ti ṣe. Ẹ lọ, ìyá mi. Ẹ bèèrè nọ́ọ̀sì Ọjọ́bọ̀. Tó bá ti kọjá aago mẹ́wàá, ẹ pè náà.

Bàbá, torí iṣẹ́ yín ni mi ò ṣe dárúkọ yín. Nínú léèsì méjìlá tí wọn ò gé yẹn, mo ti yọ ọ̀kan sọ́tọ̀ fún ìyàwó yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ̀ ọ́ tí mo bá gbé e dé lọ́jọ́bọ̀. Òní ni ọjọ́ kọkànlélọ́gọ́ta.