Kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná tí mo fọwọ́ ara mi tò: ohun tí mo rí lẹ́yìn oṣù 14

Mo mọ̀ọ́mọ̀ dúró kí n tó kọ àgbéyẹ̀wò yìí ni. Kò sí kọ́bọ́ọ̀dù tí kì í wuni lọ́sẹ̀ tí a tò ó tán. Ìgbà tí omi bá ti dà sí i lára léraléra, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti ṣí, tó ti padé láìmọye ìgbà, ni a tó ń mọ irú ohun tí a rà. Tèmi ti pé oṣù 14 báyìí.

Ohun tí mo rà ni irú kọ́bọ́ọ̀dù tí ilé-iṣẹ́ ń gé ní pákó-pákó, tí wọ́n ń dì sínú páálí, tí ẹni tó rà á yóò wá tò ó fúnra rẹ̀. Mẹ́jọ ni: márùn-ún ń dúró nílẹ̀, mẹ́ta ń so mọ́ ògiri, pẹ̀lú pákó òkè tí síńkì yóò jókòó sí. Èmi ni mo wọn ilé ìdáná, tí mo fi ìwọ̀n ránṣẹ́ sí wọn. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin la sì tò ó. Kò sí káfíńtà nínú àwa méjèèjì.

Kí n tètè sọ ibi tí mo fì sí: ohun tó wà nínú páálí dára ju bí mo ṣe rò lọ. Ibi tí iṣẹ́ ti le kò sí nínú páálí rárá. Ara ògiri àti ilẹ̀ ilé mi ló wà, ìwé ìtọ́sọ́nà tí wọ́n fi sínú ẹrù kò sì sọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

Ọjọ́ tí a tú páálí àkọ́kọ́, inú mi dùn, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn torí ibẹ̀ ló fẹjú. Àbúrò mi gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì kalẹ̀, ó wò ó títí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì tò ó o. Ilẹ̀ yìí ò dọ́gba.” Mo ní mo rí i pé ó tẹ́jú. Ó ní ojú ni mo fi rí i.

Ó lọ mú rọ́bà tí a ń rí inú rẹ̀, ó bu omi sí i, bí àwọn bíríkìlà ṣe ń ṣe. Ibi tí omi bá dúró sí ní orí kan rọ́bà náà ló máa ń dúró sí ní orí kejì, bó ti wù kí ibẹ̀ jìnnà tó. A fi fa ìlà kan yí ògiri ká, a wá ń fi téèpù wọn àlàfo láti ìlà náà wá sí ilẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, mìlímítà 1,000. Ní igun tó jìnnà jù, 978. Mìlímítà 22 nilẹ̀ fi ga ní igun yẹn, a ò sì mọ̀ láti ọdún tá a ti ń gbé inú ilé náà.

Ibi tílẹ̀ bá ti ga jù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ ike tó wà lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù ṣeé yí kó gùn, àmọ́ ó níbi tó lè kúrú dé. Bí a bá ti ibi tó lọ sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí a wá dé ibi gíga, ẹsẹ̀ lè kúrú dópin kí kọ́bọ́ọ̀dù ṣì yọrí ju àwọn tó kù lọ, a ó sì tún gbogbo rẹ̀ tú. Ní igun wa, a yí ẹsẹ̀ sí mìlímítà 130. Nígbà tá a fi máa dé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó ti di 152. Ara kọ́bọ́ọ̀dù ga ní mìlímítà 720, pákó òkè nípọn ní 38, òkè rẹ̀ sì tẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin débi pé omi tó bá dà sí i kì í ṣàn sí ẹ̀gbẹ́ kankan.

Igun ògiri náà ò gún. Mo wọn 90 sẹ̀ntímítà lára ògiri kan, mo wọn 120 lára èkejì, mo sàmì sí méjèèjì. Tí igun bá gún, 150 géérégé ló yẹ kó wà láàárín àmì méjèèjì. Tèmi jẹ́ 151.2. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè ní kí ni sẹ̀ntímítà kan ó lé díẹ̀. Nígbà tá a gbé pákó òkè síbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri, iwájú rẹ̀ sì là sílẹ̀ débi pé ìka mi wọ ibẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ti jẹ́ kí pákó náà gùn ju bó ṣe yẹ lọ ní sẹ̀ntímítà 3. Mo fi pẹ́ńsù àti èérún igi kékeré kan tẹ̀ lé ara ògiri látẹ̀yìn bọ́ síwájú, ìlà náà wá wọ́ bí ògiri ṣe wọ́, ìlà yẹn sì ni mo fi ayùn gé.

Àṣìṣe tó dùn mí jù wà ní igun yìí kan náà. Mo gbé kọ́bọ́ọ̀dù méjì ko ara wọn láìfi àlàfo kankan sáàárín. Nígbà tá a fi ọwọ́ ìdìmú sí ilẹ̀kùn tán, mo fa dúrọ́ọ̀ ẹ̀gbẹ́ kejì, ó kan ọwọ́ ìdìmú náà gbà! Kò lè jáde ju ìdajì lọ. Odindi ọjọ́ Sátidé kan la fi tú kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́ta, ká tó ki pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fẹ̀ ní mìlímítà 50 bọ igun náà. Ilé-iṣẹ́ ń ta pákó tẹ́ẹ́rẹ́ yìí. Mo ti fi àwòrán ilé ìdáná mi ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n sì rí i pé igun wà níbẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n sọ fún mi. Mo ka èyí sí wọn lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ pákó fúnra rẹ̀ dáadáa, torí òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rù. Ó nípọn ní mìlímítà 18. Kì í ṣe igi tí a là. Ẹ̀rún igi ni wọ́n pò mọ́ gọ́ọ̀mù, tí wọ́n fi ooru tẹ̀ pọ̀, tí wọ́n wá lẹ awọ dídán mọ́ ọn lójú àti lẹ́yìn. Omi tó bá kàn dà sórí awọ yẹn, nínù ni. Etí tí a bá fi ayùn gé ni omi máa ń gbà wọlé. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i, mo bá mú àjákù méjì, mo kun gbogbo etí ọ̀kan ní fáníìṣì lẹ́ẹ̀mejì, mo fi èkejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo ri méjèèjì sínú omi di ọjọ́ kejì. Èyí tí mo kùn fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀. Èkejì wú láti 18 dé 23, ó sì ń rún mọ́ mi lọ́wọ́.

Látìgbà náà, mi ò gé etí kan tí mi ò kùn. Ihò síńkì ni mo fún ní àkókò jù. Mo lẹ téèpù bébà sórí ìlà kí ayùn má baà hó awọ rẹ̀, mo fi dírílì lu ihò sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ayùn lè ríbi yí, mo gé e, mo fi fáníìṣì kun etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo wá fi sílíkóònù yí i ká kí n tó gbé síńkì lé e. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀. Gbígbẹ ni, kò wú.

Àwọn tó ń so mọ́ ògiri ò fi bẹ́ẹ̀ dà wá láàmú. Síkírúù tó wà nínú páálí kúrú jù fún ògiri wa ṣá. Simẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri nìkan ló ń dì mú, kò dé inú búlọ́ọ̀kù, ike inú ihò sì ń yí tẹ̀ lé síkírúù. A ra èyí tó gùn.

Gáàsì àti iná, mi ò fọwọ́ kàn wọ́n. Mo pe àwọn tó mọ̀ ọ́n. Oníṣẹ́ iná ló ní ká gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì kan jìnnà sí síńkì, oníṣẹ́ gáàsì sì fi omi ọṣẹ ra gbogbo oríkèé páìpù, ó ń wò bóyá á hó, kó tó gbà pé òun ti parí.

Ní ti ilé-iṣẹ́: ọ̀rá síkírúù hínjì kan ò sí nínú ẹrù, ọjọ́ 9 ló gbà wọ́n kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Àwòrán nìkan ló wà nínú ìwé ìtọ́sọ́nà, pákó ọ̀tún àti tòsì sì jọra tó bẹ́ẹ̀ tá a fi to kọ́bọ́ọ̀dù kan ní àtòdì. Àmọ́ gbogbo ihò hínjì tí wọ́n ti lù sílẹ̀ ló bára mu, kò sí ọ̀kan tó yẹ̀. Hínjì wọn gan-an ni mo fẹ́ yìn. Lẹ́yìn oṣù bíi 8, ilẹ̀kùn abẹ́ síńkì rọ̀ díẹ̀, ó ń ha èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Síkírúù mẹ́ta ló wà lára hínjì: ọ̀kan ń tì í sọ́tùn-ún sósì, ọ̀kan ń fà á síwájú sẹ́yìn, ọ̀kan ń gbé e sókè. Ìṣẹ́jú méjì, ó ti tọ́.

Ibi tí mi ò ti lè gbè wọ́n ni ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Pákó pẹlẹbẹ tó nípọn ní mìlímítà 3 ni wọ́n fi dí i. Fún àwo àti ìkòkò, kò burú. Lábẹ́ síńkì, tí páìpù máa ń làágùn, tèmi ti tẹ̀ kọdọrọ kí ọdún tó yí po. Mo yọ ọ́ dànù, mo fi púláíwúùdù rọ́pò rẹ̀.

Mo ti tún ní kí wọ́n gé méjì fún mi, fún ibi tá a ti ń fọṣọ. Mo ní kí wọ́n má fi ẹ̀yìn sí i, kí wọ́n fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ igun kún un, wọ́n sì gbà. Àbúrò mi ti fi rọ́bà fa ìlà sára ògiri ibẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ fi mìlímítà 6 yàtọ̀.