Ìkìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra mánífóòdù "304" ní Àbújá: òòfà nìkan kò tó ẹ̀rí

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń wa mọ́tò sípọ́ọ̀tì àtijọ́ ní Àbújá, Kàdúná àti Kánò, ìbáà jẹ́ Celica, Prelude tàbí BMW E36, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni lórí mánífóòdù sáléńsà, ìyẹn páìpù tó ń kó èéfín jáde láti ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n ń polówó lórí WhatsApp pé "sitéńlẹ́ẹ̀sì 304 gidi ni, kò ní dípẹtà láéláé" (304 jẹ́ nọ́ńbà irú sitéńlẹ́ẹ̀sì kan). Oríṣi ayédèrú méjì ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ irin lásán tí wọ́n fi kúróòmù bò lára. Èkejì jẹ́ sitéńlẹ́ẹ̀sì lóòótọ́, àmọ́ 201 ni, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe abọ́ àti irin ìdìmú ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn. Èkejì yìí ló ń mú àwọn ọlọ́gbọ́n pàápàá, nítorí pé ó ń yege nínú ìdánwò kan ṣoṣo tí gbogbo ayé mọ̀.

Ẹni tó ń tà á yóò yọ òòfà kékeré jáde lápò, yóò gbé e lé páìpù náà lórí, òòfà yóò sì já bọ́. "Ọ̀gá, ẹ̀yin náà rí i, kò fà á." Òótọ́ ni, kò lè fà á. Òòfà kì í fa 304, kì í sì í fa 201. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ wà nínú irin náà fúnra rẹ̀. 304 ní kúrómíọ̀mù bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún, àti níkẹ́ẹ̀lì bí ìdá 8. Níkẹ́ẹ̀lì yìí ló gbówó lórí. Nínú 201, wọ́n dín in kù sí ìdá 3.5 sí 5.5, wọ́n sì fi máńgánísì ìdá 5.5 sí 7.5 dípò rẹ̀. Lára abọ́, kò sí wàhálà kankan. Lára mánífóòdù tó ń gbóná tó ń tutù lójoojúmọ́, ó máa ń tètè hu èépá, ó sì máa ń sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú wẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀.

Òòfà tún máa ń purọ́ láti apá kejì. Bí wọ́n bá tẹ páìpù 304 láì fi iná sí i, ibi ìgúnpá rẹ̀ lè fa òòfà díẹ̀. Ìyẹn kò sọ ọ́ di ayédèrú. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni 409, irú sitéńlẹ́ẹ̀sì mìíràn tí kúrómíọ̀mù rẹ̀ jẹ́ bí ìdá 11. Òòfà máa ń lẹ̀ mọ́ ọn pinpin, síbẹ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ńláńlá ló ń fi í ṣe sáléńsà. Ibí yìí gan-an ni àwọn kan ti ń fi òòfà dẹ́rù ba oníbàárà: "Tẹ̀yin yìí kì í ṣe ojúlówó o, ẹ jẹ́ ká fi ṣe pààrọ̀, ẹ kàn fi owó díẹ̀ lé e." Wọn a gba mánífóòdù tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́, wọn a kó ẹ̀dà dídán lé ẹni náà lọ́wọ́. Ẹ má ṣe fi ti àtilẹ̀wá yín sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kódà bí ó bá ti sán. Ẹ gbé e sílé. Bí ó bá fi lè dé ọwọ́ àwọn baban bólà tó ń ra irin àlòkù, ẹ lè wá irú rẹ̀ títí kí ẹ má rí i mọ́.

Báwo la ṣe wá ń dán an wò? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú páìpù. Kúróòmù kì í sábà wọnú lọ, nítorí náà ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu ihò rẹ̀. Bí ara òde bá ń dán bíi dígí tí inú sì dúdú tàbí tó pọ́n bíi ìpẹtà, ọ̀rọ̀ ti parí. Bí inú náà bá mọ́, ẹ fi fáìlì ha ibi kékeré kan tí kò hàn síta, kí ẹ sì kán omi kọ́pà sọ́fétì sí i. Òun ni nǹkan aláwọ̀ búlúù tí àwọn àgbẹ̀ kòkó máa ń pò láti fi fín kòkó nílé. Bí irin lásán bá ni, ojú ibẹ̀ yóò pọ́n bí bàbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí 304 bá ni, kò ní yí padà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, májèlé ni. Ẹ má sì fi í dán 409 wò, nítorí kúrómíọ̀mù rẹ̀ kéré, ó lè ṣì yín lọ́nà.

Kọ́pà sọ́fétì kò lè ya 201 sọ́tọ̀ kúrò lára 304. Fún ìyẹn, oògùn ìdánwò máńgánísì wà, ìgò kékeré kan báyìí pẹ̀lú bátìrì fólítì 9. Ẹ kán ẹ̀kán kan sí ojú irin tí ẹ ti ha mọ́, ẹ fi bátìrì kàn án fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí ó bá pọ́n kedere, máńgánísì ti pọ̀ jù, 201 ni. Èyí tó dájú jù lọ ni ẹ̀rọ XRF, tó dà bí ìbọn, tí àwọn oníṣòwò irin àlòkù ńlá máa ń lò. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá ni yóò ka ìdá níkẹ́ẹ̀lì àti kúrómíọ̀mù sójú ẹ̀rọ fún yín. Ẹ má ka òǹtẹ̀ "304" tí wọ́n tẹ̀ sára fùláńjì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì, sí. Fùláńjì lè jẹ́ 304 kí páìpù tí wọ́n jó mọ́ ọn jẹ́ nǹkan mìíràn.

Wọ́n tún ń ta kan lórúkọ 321, "fún ọkọ̀ tọ́bò" (tọ́bò ni ẹ̀rọ tí èéfín ń yí, tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì). 321 gidi wà, ó sì dára: tìtáníọ̀mù wà nínú rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí ara irin di ẹlẹgẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wẹ́ẹ̀dì nígbà tó bá pẹ́ nínú ooru nǹkan bí 425 sí 860 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè ya 321 àti 304 sọ́tọ̀, oògùn ìgò náà kò sì lè yà wọ́n. Ẹni tó bá gba owó 321 gbọ́dọ̀ gbà kí ẹ gbé e lọ síwájú XRF. Bí ó bá kọ̀, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Orúkọ irin nìkan kọ́. Ẹ fi kálípà, ohun èlò ìwọ̀n, wọn bí ara páìpù ṣe nípọn tó. Fún ọkọ̀ tí kò ní tọ́bò, mìlímítà 1.5 sí 1.6 dára. 1.2 ṣeé fara mọ́ bí ohun tó gbé sáléńsà dúró nísàlẹ̀ bá lágbára, ṣùgbọ́n mìlímítà 1 yóò sán. Bí tọ́bò bá rọ̀ mọ́ ọn, páìpù 304 onípọn, bíi mìlímítà 2.8, ni kí ẹ wá. Fùláńjì kò gbọ́dọ̀ dín ní mìlímítà 10. Èyí tó jẹ́ 6 yóò wọ́. Ẹ gbé irin gbọọrọ lé ojú rẹ̀, bí fílà géèjì (irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo) mìlímítà 0.2 bá wọ abẹ́ rẹ̀, ẹ dá a padà.

Èyí tí ọ̀pọ̀ wẹ́dà máa ń gbàgbé ni pé sitéńlẹ́ẹ̀sì máa ń gùn sí i púpọ̀ nínú ooru. Páìpù 304 tó gùn ní mìlímítà 500 yóò fi bíi mìlímítà 6 gùn sí i bí ó bá kúrò ní ìwọ̀n 30 dé 730. Irin àdàrọ, ìyẹn kást áyọ̀ọ̀nù, kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ihò sítọ́ọ̀dù (bóòtì tó so fùláńjì mọ́ ẹ́ńjìnnì) tó wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì gbọ́dọ̀ fẹ̀ díẹ̀ kí fùláńjì lè rí àyè yọ̀. Èyí tí wọ́n ń tà kiri yìí, ihò rẹ̀ há pinpin, ìdí nìyẹn tí sítọ́ọ̀dù fi máa ń já sínú orí ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá ń dì í, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín lọ sí ìpẹ̀kun, kí ẹ sì tún un dì lẹ́yìn tó bá ti gbóná tó sì ti tutù pátápátá.

Ẹ wo inú ojú wẹ́ẹ̀dì náà. Bí ó bá rí ṣákaṣàka bí ṣúgà tó jóná, wọn kò fi gáàsì ágọ́nì sínú páìpù nígbà tí wọ́n ń jó o, ibẹ̀ ni yóò ti sán. Bí wọ́n bá sì ti fi aṣọ ooru wé e kí wọ́n tó tà á, ẹ ní kí wọ́n tú u. Wẹ́ẹ̀dì burúkú ni wọ́n sábà ń fi pamọ́ síbẹ̀. Lórí irin lásán, aṣọ yẹn tún ń dé ooru àti ọ̀rinrin mọ́ ọn lára, á sì yára jẹra.

Kí ló dé tí a fi ń pariwo tó báyìí? Irin lásán ti ń hu èépá tó bá ti kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 540, mánífóòdù sì ń gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ẹ bá tẹ ọkọ̀ dáadáa. Lórí ọkọ̀ tọ́bò, èépá tó bọ́ sílẹ̀ kò ní ibòmíràn láti gbà ju àárín abẹ tọ́bò lọ. Ibi tó bá sán níwájú sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, tó ń wọn ọ́síjìn inú èéfín, máa ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, sẹ́ńsọ̀ á rò pé epo kéré, kọ̀ǹpútà á máa da epo sí i. Èyí tó burú jù ni èéfín kábọ́ọ̀nù mónọ́sáìdì. Kò ní òórùn, ó ń gba ara ògiri ẹ́ńjìnnì wọ inú ọkọ̀, pàápàá lásìkò ọyẹ́ tí a máa ń ti gbogbo fèrèsé. Ó ń pa ènìyàn.

Fún ọkọ̀ àtijọ́ tí kò ní tọ́bò, tí ẹ kàn fi ń lọ síbi iṣẹ́ tí ẹ sì ń gbádùn ní ọjọ́ Àìkú, tòkunbọ̀ onírin àdàrọ láti ilé iṣẹ́ dára ju sitéńlẹ́ẹ̀sì olówó pọ́ọ́kú lọ. Ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ fi kẹrosíìnì pa á, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ wá fi ẹfun ìkọ̀wé kùn ún. Níbi tó bá ti sán, kẹrosíìnì yóò yọ ìlà dúdú síta lára ẹfun náà. Bí ó bá sán díẹ̀, wẹ́dà tó mọṣẹ́ lè fi ọ̀pá níkẹ́ẹ̀lì jó o, lẹ́yìn tó bá ti kọ́kọ́ mú gbogbo rẹ̀ gbóná, kó sì rì í mọ́ eérú gbígbẹ kó tutù díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pá lásán yóò tún sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó jó. Àwọn tó lè ṣe é wà ní Apo àti ní Panteka ní Kàdúná. Ẹ bi wọ́n léèrè ọ̀pá wo ni wọ́n fẹ́ lò kí ẹ tó gbé e sílẹ̀.

Bí ẹ bá ti ra ayédèrú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ ya fọ́tò ibi tí ẹ ti ha á àti èsì oògùn náà, ẹ dá ọjà padà, ẹ sì fi ẹjọ́ sùn ní FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, bí ẹni tó tà á bá kọ̀ láti dá owó padà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ rà, kí ó sọ pé kí wọ́n kọ irú irin, bí páìpù ṣe nípọn tó, àti "a ó gbà á padà bí XRF bá sọ ohun mìíràn" sórí rìsíìtì, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí owó tó kúrò ní báǹkì.