Akèrègbè tàbí ilé onípáànù fún alápàáǹdẹ̀dẹ̀?
Ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé inú ilé tí èèyàn ṣe nìkan ni alápàáǹdẹ̀dẹ̀ elésè àlùkò, purple martin, ń yé sí. Akèrègbè làwọn Choctaw àti Chickasaw, ẹ̀yà ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, ń so rọ̀ fún un láti ayébáyé.

Akèrègbè ò wọ́n, o lè gbìn ín fúnra rẹ. Ikùn rẹ̀ jìn, èékánná òwìwí kì í sábà tó ọmọ ẹyẹ níbẹ̀. Àmọ́ òjò a máa jẹ ẹ́, fífọ̀ rẹ̀ sì ń súni. Ilé onípáànù gbówó lórí, ó ń pẹ́, ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣeé ṣí wò. Yàrá kéékèèké inú rẹ̀ ni ò tẹ́ mi lọ́rùn: òwìwí kàn ń nasẹ̀ wọlé ni.

Níbi tí òwìwí bá pọ̀ sí, akèrègbè. Bówó bá wà, tó ò sì fẹ́ máa pààrọ̀, ilé onípáànù, oníyàrá jíjìn o. Ológoṣẹ́ á wá du méjèèjì.