Pátákó wo, káìtì wo? Ìfiwéra fún ẹni tó ń kọ́ kitesurf

Kitesurf ni eré tí káìtì ńlá tó wà lókè ti ń fa ẹni tó dúró sórí pátákó kiri lójú omi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí inú àwọn ọlọ́jà ò ní dùn sí: ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ gba ẹ̀kọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ná. Olùkọ́ ló máa yá yín ní irinṣẹ́, ibẹ̀ lẹ ó sì ti mọ̀ bóyá eré yìí bá yín lára mu. Èmi ò ní sùúrù. Poole, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo ti kọ́ ọ, níbi tí omi kì í ti í ju ìbàdí lọ ní ọ̀pọ̀ ibi. N ò tíì wọ omi lẹ́ẹ̀mejì tí mo fi ra pátákó kékeré kan tó ń dán yanran. Ìgbà ooru yẹn parí, n ò dúró lórí ẹ̀ ju kí n ka ení títí dé ẹẹ́wàá lọ.

Pátákó: ńlá tàbí kékeré?

Twin-tip ni kí ẹ mú. Orí méjèèjì rẹ̀ dọ́gba, nítorí náà bí ẹ bá lọ sápá ọ̀tún tí ẹ fẹ́ padà sí òsì, ẹ ò ní pààrọ̀ ẹsẹ̀. Directional, tó jọ ti àwọn tó ń gun ìgbì òkun, imú kan ṣoṣo ló ní. Ó dùn lórí ìgbì, àmọ́ ẹni tí kò tíì lè dìde ò rí nǹkan fi í ṣe.

Ẹni tó tẹ̀wọ̀n kílò 75, tó sì ti mọ̀ ọ́n gùn, lè máa lo twin-tip tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 136. Ẹni tó ń kọ́ á mú 142 sí 150, kó sì fẹ̀ tó 42. Èyí tó tóbi máa ń gbéni pẹ̀lú agbára díẹ̀, kì í tètè rì bí káìtì bá dẹwọ́. Kékeré ní láti sáré kó tó gbéni, ẹni tó ń kọ́ ló sì ń bẹ̀rù eré. Òótọ́ ni pé ńlá máa ń gbọ̀n lórí omi tó ru, ẹ ó sì fẹ́ tà á láìpẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ ra tòkúnbọ̀. Bí kò bá ti là, tí ibi tí ẹ ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ò já, kò séwu.

Káìtì: ibí ni kí owó lọ

Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ará Faransé, Bruno àti Dominique Legaignoux, ló forúkọ káìtì tí a ń fi pọ́ǹpù fẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ òfin lọ́dún 1984, kó lè léfòó kó sì tún gbéra bó bá já sómi. Káìtì C àtijọ́, tó tẹ̀ bíi lẹ́tà C, ń fani gan-an. Kódà bí ẹ bá ti bar (ọ̀pá tí ẹ dì mú láti fi darí káìtì) síwájú, agbára rẹ̀ kì í tán. Bow àti delta, irú káìtì méjì mìíràn tí a ń fi pọ́ǹpù fẹ́, tẹ́jú jù ú lọ. Ẹ ti bar, agbára á dẹ̀ bí iná sítóòfù tí wọ́n yí wálẹ̀. Ẹ fa okùn ẹ̀gbẹ́ kan, ó ti dìde lójú omi. Ọ̀kan nínú méjì yìí ni kí ẹ rà. Foil, irú káìtì tí atẹ́gùn fúnra rẹ̀ ń kún láìsí pọ́ǹpù, dára nínú atẹ́gùn fẹ́ẹ́rẹ́, àmọ́ bí omi bá kún inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ dé.

12 ńkọ́, 9 ńkọ́? Mítà onígun mẹ́rin ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Fún ẹni kílò 75, 12 bá atẹ́gùn bíi knot (ìwọ̀n eré atẹ́gùn) 13 sí 18 mu, 9 bá 18 sí 25 mu. 12 máa ń yí jẹ́jẹ́, ó ń jẹ́ kéèyàn rí àṣìṣe rẹ̀ kó tó dun ún, 9 yára. Bó bá jẹ́ Tarifa ní Sípéènì lẹ ti fẹ́ máa ṣe é, níbi tí atẹ́gùn Levante ti ń jà, tàbí Cumbuco ní Brazil láàárín July sí December, 9 ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Ní ìgbà ooru ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 12.

Tó bá jẹ́ tòkúnbọ̀, ẹ fẹ́ ẹ kó le, kí ẹ lọ jẹun, kí ẹ padà wá lẹ́yìn wákàtí méjì. Bó bá ti rọ̀, ó ń jò. Ẹ fi ìka ra aṣọ rẹ̀: tuntun máa ń dún bí owó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti báǹkì jáde, èyí tó ti gbó á rọ̀ bí ewé tí wọ́n bọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ so okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ìṣó kan, kí ẹ fà á le. Ní ti èyí tí mo fẹ́ẹ́ rà, okùn àárín fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ gùn ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ. Ẹni tó ń tà á ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe ń rí. Irọ́ ni.

Ẹ má gbàgbé ibi ìjáwọ́ tó wà lábẹ́ bar, èyí tí ẹ ó tì kí agbára káìtì lè tán bí ewu bá dé; iyanrìn máa ń há sí i. Kí ẹnì kan máa fa okùn, kí ẹ̀yin fi ọwọ́ kan tì í. Bí kò bá ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ gbé e padà fún ẹni tó ń tà á, ó báà jẹ́ pé àná ni wọ́n rán káìtì yẹn.