Owó àtúnkọ́ ilé ní Donegal: èmi tí mo gbà á ló ń sọ̀rọ̀ o

Látìgbà tí mo ti dé fún Kérésì ni wọ́n ti ń dá mi dúró láti Alágbàká dé Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ níbí, "Àǹtí, ṣé lóòótọ́ ni pé ìjọba Ireland wó ilé yín tí wọ́n sì tún un kọ́ fún yín?" Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu ń ro mí, ẹ jẹ́ n kúkú kọ ọ́ síbí.

Letterkenny là ń gbé, ní Donegal ní Ireland. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi kọ́ ilé rẹpẹtẹ níbẹ̀ ò dáa, mica, èròjà kan tó máa ń wà nínú òkúta, ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ dá lẹ́bi pé ó ń fa omi mu tí òtútù á wá fọ́ ọ, àmọ́ àwọn onímọ̀ kan ti ń sọ báyìí pé pyrrhotite, èròjà òkúta mìíràn, gan-an ló ń bà á jẹ́. Tiwa, a rò pé ọ̀dà ló kàn ń là, nígbà tó yá káàdì báǹkì ń wọ inú ògiri. Ẹnjiníà lu ún, ó yọ díẹ̀ lé mi lọ́wọ́ ó ní kí n tẹ̀ ẹ́, ó rún bíi gààrí. Ilé tá a ṣì ń san gbèsè báǹkì lé lórí o!

Ètò tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 2020, 90 nínú 100 nìjọba ń san, kí onílé lọ wá ìyókù. Làwọn èèyàn bá ya lọ sí Dublin ní 2021, ariwo pọ̀, wọ́n ṣòfin tuntun ní 2022, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023. Ìyẹn la bá wọlé. 420,000 yúrò ni owó tí wọ́n máa san lórí ilé kan ò ní kọjá nígbà yẹn, wọ́n ti sọ ọ́ di 462,000 báyìí.

Ká sọ tòótọ́, wọ́n gbìyànjú níbi àyẹ̀wò. Housing Agency, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé, ló ń gbé búlọ́ọ̀kù lọ sí lábù, àwọn náà ló ń sọ bóyá gbogbo ilé ni wọ́n á wó àbí ògiri ìta nìkan. Owó háyà ibi tẹ́ ẹ máa kó lọ náà wà nínú ẹ̀.

Àmọ́ ìpìlẹ̀ ńkọ́? Nígbà tiwa, owó yẹn ò kan ìpìlẹ̀ rárá, wọ́n á wó ilé kanlẹ̀ kí wọ́n tó gbé tuntun lé ìpìlẹ̀ àtijọ́ tó wà nílẹ̀. Àbúrò mi tó jẹ́ bíríkìlà níbí gbọ́ ọ, ó pariwo, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé búlọ́ọ̀kù kọ́ ló wà nísàlẹ̀ ni?" Mi ò rí èsì fún un.

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé bílé ṣe fẹ̀ tó ni wọ́n fi ń ṣírò owó, iye tí kọngílá bá bù lé e, tiyín nìyẹn, àti pé ìgbà tí iṣẹ́ bá dé ibì kan ni wọ́n tó ń san tibẹ̀, kọngílá tiwa sì fẹ́ gba owó lọ́wọ́ kó tó gbé ṣọ́bìrì. A yáwó, kí lẹ fẹ́ ká ṣe?

Ẹni tó bá ní èèyàn lọ́hùn-ún, ẹ ní kó gba lẹ́tà ìfọwọ́sí kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wó ohunkóhun. Máàkì 3 nínú 5 ni mo fún ètò náà. Ilé ti parí, ó sì dúró, gbèsè ló kù.