Tombow Mono Zero: ìrésà tó jẹ́ kí irun bẹ̀rẹ̀ sí í jọ irun lọ́wọ́ mi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ya ojú èèyàn kó rí gẹ́lẹ́ bíi fọ́tò, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ ìrésà kan fún yín. Ìrésà ni o, kì í ṣe pẹ́ńsù. Tombow Mono Zero lorúkọ ẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi báírò, ẹ máa tẹ ìdí ẹ̀ kí rọ́bà tó yọ jáde lẹ́nu, rọ́bà ọ̀hún ò sì fẹ̀ ju mílímítà 2.3 lọ. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń lò ó, mo ti pààrọ̀ rọ́bà inú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Tẹ́lẹ̀, imú, ètè, ojú, gbogbo ẹ̀ á jọ ẹni tí mò ń yà, tó bá wá kan irun, ó parí. Ṣe ni màá máa fa ìlà kọ̀ọ̀kan láti àtàrí títí dé etí, á wá dà bíi wáyà tí wọ́n tò jọ. Mo ra pẹ́ńsù 6B, mo ra 8B (bí nọ́ńbà tó wà níwájú B bá ṣe ga tó ni pẹ́ńsù ṣe ń rọ̀, tó sì ń dúdú tó), kò yanjú ẹ̀. Pẹ́ńsù ò lẹ́jọ́ nínú ẹ̀ rárá. Faber-Castell 9000 ni mo ń lò, láti 1905 ni wọ́n ti ń ṣe é, oríṣi 16 ló ní láti 6H tó le jù dé 8B tó rọ̀ jù, àmọ́ HB, 2B àti 4B nìkan ló kù tí mo fi ń ya irun báyìí. Ìmọ́lẹ̀ orí irun ni mi ò rí yà, torí pẹ́ńsù ò lè yà á, inú dúdú lẹ ti máa yọ ọ́ jáde.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Màá fún ojú pọ̀ wo fọ́tò yẹn títí irun kọ̀ọ̀kan á fi pòórá, tí á ku ibi tó dúdú àti ibi tó mọ́. Màá fi 2B pa gbogbo ẹ̀ pọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, màá fi tíṣù rà á, 4B á wá wọ ẹ̀yìn etí àti ibi tí irun ti pínyà. Ìgbà yẹn ni màá tó mú ìrésà. Ibi tí iná ti ń kọ mànà lórí irun, màá fà á lẹ́ẹ̀kan, kíá, màá máa gbé ọwọ́ fúyẹ́ bó ṣe ń parí lọ, kí ìlà yẹn bẹ̀rẹ̀ ní funfun kó sì rì sínú dúdú. Tí mo bá ti fà á bíi mẹ́ta, màá nu ẹnu ẹ̀ mọ́ tíṣù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á kàn máa kun bébà ni. Lẹ́yìn náà, HB tó mú ṣóńṣó á ya irun díẹ̀ kọjá lórí ìmọ́lẹ̀ yẹn, ibẹ̀ gan-an ni irun ti máa ń gbéra lórí bébà, ó máa ń wù mí kí n fọwọ́ kàn án.

Tí ẹnu ẹ̀ bá ti kú, ẹ fi bíléèdì gé e kó dàgẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ irun tó ká kókó, ẹ má fa ìlà rárá, ẹ máa fi 4B yí róbótó kéékèèké lórí ara wọn, kẹ́ ẹ wá kàn fi ìrésà tọ́ ọ níbi tí iná ti bà á.

Àmọ́ ìrésà yìí ò wà fún ṣéèdì awọ ara, ìyẹn bí awọ ṣe ń dúdú tó sì ń mọ́ díẹ̀díẹ̀ o, ojú ìlà ló máa ń fi sílẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iwájú orí, ìrésà rírọ̀ tó ṣe é pò bí àmọ̀ ni mo máa ń tẹ̀ mọ́ ọn, tí màá sì gbé kúrò. Ẹ má fìka rà á, epo ọwọ́ máa ń dá àbàwọ́n sára bébà. Ṣéèdì iwájú orí sì gbọ́dọ̀ wọ abẹ́ irun lọ kẹ́ ẹ tó fa irun kankan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, irun á dà bíi fìlà.

Tẹ́ ẹ bá sì ti tẹ pẹ́ńsù le jù, kò sí ìrésà tó lè gbà yín. Mo ba àwòrán ọmọbìnrin kan jẹ́ báyìí, 6B ti wọnú bébà, ó ti dán, mo ń ra ìrésà mọ́ ọn títí bébà fi hu òwú lápá òsì orí ẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin ni mo ti fi ń ya ojú ẹ̀, ó dùn mí gan-an.

Irun tó tín-ín-rín ju ẹnu ìrésà yìí lọ, bíi irùngbọ̀n funfun, báírò tó ti gbẹ ni mo máa ń kọ́kọ́ fi fa ìlà wọnú bébà kí pẹ́ńsù tó kàn án, tí lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsù bá gba orí ẹ̀ kọjá, ojú ihò yẹn á funfun kalẹ̀. Èyí tó wà lórí tábìlì mi báyìí, bàbá àgbà kan ni, mo ti fi báírò fa gbogbo irùngbọ̀n ẹ̀ tán, ó ku kí n fi 2B bò ó.